Ta Ló Fọwọ́ Sí I? Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nílẹ̀ Kí Ètò Iṣẹ́ Àkànṣe Tó Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú ọyẹ́, nígbà tí omi máa ń wọ́n bí ojú ní Kubwa, ní Abuja. Ẹgbẹ́ onílé òpópónà wa ń ṣèpàdé lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé Alhájì, alága wa. Mai ruwa kan, ìyẹn ẹni tó ń ta omi kiri, ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, kẹ́ẹ̀gì kún orí rẹ̀ bámú. Ẹnì kan bèèrè iye tó ń ta ọ̀kan, ó dáhùn, gbogbo wa kígbe. Alhájì bá ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ borehole." A pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé, "A fẹnu kò lórí borehole."

Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló kó wa sí wàhálà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, akápò ti ń gba owó ìdáwó. Bàbá kan ti lọ sí Dei-Dei lọ nájà páìpù àti táǹkì. Ẹlòmíì ti mú agbẹ́kànga tó jẹ́ àna rẹ̀ wá. Èmi tí mò ń fi irú iṣẹ́ yìí jẹun ní ọ́fíìsì tiẹ̀ ló burú jù: mo ti ya ètò oṣù mẹ́ta sórí kọ̀ǹpútà, tòun ti àwọ̀ mèremère. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé borehole wo. Alhájì ń ro kànga tí gbogbo ilé yóò fa páìpù láti ibẹ̀. Akápò ń ro ẹnu ẹ̀rọ kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Àwọn kan ń rò pé a ó máa tà á fún ará ìta kí owó lè máa wọlé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a ti gbẹ́ ihò kan tí kò lómi sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa, owó ti tán, àwọn ọ̀rẹ́ méjì kò sì kí ara wọn mọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, a tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ìwé méjì la kọ́kọ́ kọ, a sì gba ìfọwọ́sí lé e lórí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ètò. Ohun tí mo kọ́ láàárín ìgbà méjèèjì ni mo fẹ́ sọ níbí. Ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín ní Abuja lẹ fẹ́ ṣe é fún, ì báà jẹ́ ìjọ tàbí mọ́sálásí, iléeṣẹ́ kékeré ní Wuse, tàbí mínísítírì, ọ̀nà náà kò yàtọ̀. Ẹni tí yóò fọwọ́ síwèé nìkan ló ń yí padà.

Àwọn tó sọ àbójútó iṣẹ́ àkànṣe di ẹ̀kọ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. PMI (Project Management Institute), ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, ń pè é ní project charter. Àwọn tó ń lo PRINCE2, ìlànà tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá, ń pè é ní project brief. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ lèmi ń pè é. Ètò máa ń sọ ẹni tí yóò ṣe kí ni, lọ́jọ́ wo. Ìwé àṣẹ kì í débẹ̀. Ohun tó ń sọ ni bóyá ó yẹ ká jókòó ṣètò rárá, àti ẹni tó ní ká jókòó. Èèyàn máa ń rò pé ètò ṣíṣe kò ná wa ní nǹkan kan. Ó ń náni. Àkókò àwọn èèyàn ni, owó mọ́tò ni, ojú tí à ń gbà wo ara wa ni.

Ẹ kọ ìṣòro, ẹ má tíì kọ ojútùú

Borehole kì í ṣe ìṣòro, ojútùú ni. Ẹni tó bá fi ojútùú bẹ̀rẹ̀ ti tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ojútùú yòókù, bóyá èyí tó rọrùn jù sì wà lára wọn. Bó ṣe rí ní ọ́fíìsì náà nìyẹn. "A nílò app tuntun" kì í ṣe ìṣòro. "Lẹ́tà oníbàárà máa ń lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí tábìlì kí a tó fèsì" ni ìṣòro. Ẹni tó bá gbọ́ èkejì yìí lè bèèrè bóyá akọ̀wé kan sí i kò ní tán an.

Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, mo mú jọ́tà kan, mo sì lọ láti ilé dé ilé fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Ìbéèrè mi kò ju mẹ́rin lọ: kẹ́ẹ̀gì mélòó lẹ̀ ń lò lójúmọ́, èló lẹ̀ ń rà á, ta ló ń lọ gbé e, oṣù wo ló ń le jù? Èsì wọn yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé gbogbo wa la jọ ń jẹ ìyà kan náà. Rárá o. Àwọn onílé tó pọ̀ ní kànga nínú ọgbà wọn tó kàn máa ń gbẹ láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Àwọn tó ń jìyà yípo ọdún ni àwọn ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìnkùlé, àwọn tí kì í sì í pè wá sípàdé onílé nìyẹn. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé òun kì í bá ìpéjọ àárọ̀ nílé ẹ̀kọ́ torí ìlà omi. Mo kọ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn sí ìlà àkọ́kọ́ ìwé náà. Mo gbà pé òun ló mú ìwé náà wọlé ju gbogbo ìṣirò tí mo tò sábẹ́ rẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín, ẹ dáhùn ìwọ̀nyí ní gbólóhùn márùn-ún sí mẹ́fà: ta ni ìyà ń jẹ, ìyà wo ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, láti ìgbà wo, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe ohunkóhun? Ẹ má fo èyí tó kẹ́yìn. Bí ìdáhùn yín sí i bá jẹ́ "kò sí nǹkan bàbàrà", ẹ ká ìwé yín, ẹ lọ sùn. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro pa lórí ìwé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó yanrìn délẹ̀ ni apá kì í ká a mọ́.

Ẹ wá onígbọ̀wọ́ kan, kó má ju ọ̀kan lọ

Nínú ìpàdé wa àkọ́kọ́, bí ẹ bá bèèrè ẹni tó ni iṣẹ́ náà, a ó ní "gbogbo wa ni." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ́ "gbogbo wa" nílẹ̀ yìí, kò sì sí èyí tí ẹ lè pè lórí fóònù láago méje alẹ́.

Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó owó náà, tí ẹnu rẹ̀ sì ká àwọn tí yóò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun ni yóò máa sáré kiri. Alábòójútó iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà tí mò ń gbà mọ̀ ọ́n rọrùn. Mo máa ń bèèrè pé: "Bí owó bá kù díẹ̀ káàtó nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, ta ni yóò sọ pé ká máa lọ tàbí ká dúró, tí a ó sì gbọ́?" Orúkọ tó bá jáde lẹ́nu wọn ni. Bí orúkọ méjì bá jáde, ẹ kò tíì ní onígbọ̀wọ́, ìjà lẹ ní. Ẹ lọ bá àwọn méjèèjì kí wọ́n yan ọ̀kan láàárín ara wọn kí ẹ tó lọ síwájú.

Ní mínísítírì, òfin ti yan ẹni náà fún yín níbi ọ̀rọ̀ ríra nǹkan àti gbígbé iṣẹ́ síta. Òfin Public Procurement Act ti ọdún 2007, ní abala 20, fi ẹrù náà lé akọ̀wé àgbà lórí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Perm Sec. Ní àwọn àjọ tí kì í ṣe mínísítírì, ọ̀gá àgbà wọn ni. Dáírẹ́kítọ̀ yín lè fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ojú. Bí kò bá dé tábìlì ẹni tí òfin dárúkọ, ìfẹ́ ni, kò tíì di àṣẹ.

Ẹ bá àwọn tọ́rọ̀ kàn sọ̀rọ̀ nílé wọn

Ẹ to orúkọ gbogbo ẹni tí iṣẹ́ náà yóò ràn lọ́wọ́, tí yóò pa lára, tàbí tó lè dá a dúró. Èyí tó wà láàárín yẹn làwa Yorùbá máa ń gbàgbé, torí a ti rò pé nǹkan rere kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Mai ruwa tó ń gbé omi wá fún wa ńkọ́? Oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú Hausa mi tó ń tiro, ó sọ ohun tí ẹnì kankan nínú wa kò mọ̀: ìhà tí omi ti ń jáde dáadáa nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àti kànga méjì tí wọ́n ti gbẹ́ lásán ní ẹ̀yìn wa. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ owó ihò àkọ́kọ́.

Gbogbo wọn kọ́ lẹ máa kó jọ sójú kan. Ẹni tí kò fẹ́ iṣẹ́ náà, ẹ lọ bá a lọ́tọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Akápò wa ni olórí àwọn tó takò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo lọ sílé rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe omi ni mi ò fẹ́. Owó tí mo gbà lọ́wọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣì ń fi bú mi ní ṣọ́ọ̀bù." Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju pé kí wọ́n má tún pè é lólè. A kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí àyẹ̀wò abẹ́ ilẹ̀ yóò fi jáde, pé àkáǹtì onífọwọ́sí mẹ́ta la ó sì lò. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń pè mí láti bèèrè ibi tí a dé.

Ilẹ̀: ẹ gbàgbé ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nílé

Bí iṣẹ́ yín bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ wa tó ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá gbé àṣà ọmọ onílẹ̀ dání: ẹ bá mọ̀lẹ́bí ṣọ̀rọ̀, ẹ gba rìsíìtì, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Abuja. Abala 297 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ tó wà ní agbègbè olú ìlú (FCT). Mínísítà FCT ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ níbẹ̀, AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, sì ni wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò ìwé náà. Ilé tàbí ilé-ìtajà tí ẹ bá fẹ́ kọ́, Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ni yóò fọwọ́ sí àwòrán rẹ̀.

Bí ẹ bá tún sún díẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà. Mararaba kò jìn sí Nyanya, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Nasarawa ni. Suleja jẹ́ ti Niger. Ẹni tó bá kọ "Abuja" sínú ìwé àṣẹ rẹ̀ fún iṣẹ́ tó wà ní Mararaba yóò lọ máa tò síwájú ọ́fíìsì tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ihò wa àkọ́kọ́, àyè kan tí koríko wà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó la gbẹ́ ẹ sí. Ọ̀nà páìpù ìjọba ni. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ara ìpìlẹ̀ táǹkì wa, a sì dáwọ́ dúró. Ẹ wo bó ti rọrùn tó ká ti bèèrè: lẹ́tà kan, ẹ̀dà àwòrán àdúgbò kan. Nínú ìwé àṣẹ, ìlà méjì ló gbà: ta ló ni ibi tí a fẹ́ lò, ìwé wo ló sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ní ilẹ̀ náà lórúkọ ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. CAMA, òfin ọdún 2020 tó dá lórí iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ní Part F, ló sọ bí ẹgbẹ́ bí tiwa ṣe ń ṣe é. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dá lójú òfin, orúkọ ẹnì kan ni ilẹ̀ náà yóò sì wà. Ọjọ́ tí ẹni náà bá kú, ẹ ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ pàdé.

Ẹ fa ààlà

Ẹ kọ ohun tó wà nínú iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ìdajì kejì yìí ni oògùn. Èèyàn kì í bínú sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kò sí níbẹ̀; ohun tó ti gbé sọ́kàn tí kò bá rí ló ń bí i nínú. Nínú tiwa, fún gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀, mo kọ ọ́ báyìí: àyẹ̀wò abẹ́ ilẹ̀, gbígbẹ́, ẹ̀rọ ìfami tó ń lo oòrùn, táǹkì kan, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà: kò sí páìpù dé inú ilé ẹnikẹ́ni, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ọgbà yíká, a kò ní í tà á fún ará ìta. Ìlà "kò sí páìpù dé inú ilé" fa àríyànjiyàn wákàtí kan. Ó sàn kó jẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ju kó jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti rì páìpù mọ́lẹ̀.

Iye owó àti ìgbà

Ẹ má kọ iye kan ṣoṣo. Ní ìpele yìí, ẹ kò tíì mọ̀ tó láti mọ iye náà gan-an, ẹni tó bá sì rí "₦4,000,000" lórí ìwé yóò dì í mú bí ẹni di ẹ̀rí. Àwọn oníṣẹ́ PMI ní òṣùwọ̀n kan fún ìdíyelé àkọ́kọ́: ó lè fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ó sì lè fi ìdá 75 lé. Bí ọkàn yín bá sọ pé mílíọ̀nù mẹ́rin, ẹ kọ "láti ₦3,000,000 sí ₦7,000,000". Ẹni tí yóò fọwọ́ sí i yóò pariwo. Ẹ jẹ́ kó pariwo, ẹ ṣàlàyé pé àyẹ̀wò ni yóò mú àlàfo náà kéré. Bí kò bá lè fara da mílíọ̀nù méje, ìsinsìnyí ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ béèrè iye owó náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí kò ní wúlò mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n sì jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù kẹfà, mo rí àwọn ìwé tí iye inú wọn ti di ìtàn kí alága tó gbé bírò. Ohun tó bá ti òkèèrè wá, bíi pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ti ìgbà kò le: ẹ kọ oṣù, ẹ má kọ ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọjọ́ ibi tí ẹ wà. Òjò Abuja máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Kànga tí ẹ bá gbẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, tí omi pọ̀ nílẹ̀, lè tàn yín jẹ. Ti òpin ẹ̀ẹ̀rùn kì í purọ́.

Ohun tí ẹ gbà gbọ́ láìtíì rí i

Gbogbo iṣẹ́ ló dúró lórí àwọn ohun kan tí a kàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ wá wọn, ẹ kọ wọ́n. Tiwa tó tóbi jù ni pé omi wà nílẹ̀. Òkúta líle ló wà lábẹ́ púpọ̀ nínú ilẹ̀ Abuja. Omi ibẹ̀ kò tẹ́ sílẹ̀ nínú yanrìn bíi ti etí òkun Èkó. Inú ibi tí àpáta ti là, àti inú ilẹ̀ tó ti rà lé e lórí, ló máa ń fara pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ihò kan fi lè gbẹ, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì máa pọn.

Nígbà tí mo kọ "a gbà pé omi wà" sórí ìwé, ojú ti èmi fúnra mi. Mílíọ̀nù bíi mélòó kan dúró lórí "a gbà pé". Ibẹ̀ la ti rí i pé ìfọwọ́sí méjì ló yẹ ká béèrè: ti àkọ́kọ́ fún àyẹ̀wò abẹ́ ilẹ̀ nìkan, owó kékeré, ti èkejì lẹ́yìn tí èsì bá jáde. Bí ẹ bá rí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yín, tó jẹ́ pé bó bá yẹ̀ gbogbo rẹ̀ wó, ẹ ge ìbéèrè yín sí méjì níbẹ̀. Àwọn tó ń fọwọ́ síwèé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó rọrùn fún wọn láti sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ohun kékeré.

Ẹ fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n

Ọ̀nà mẹ́ta tó, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ká má ṣe nǹkan kan. Tiwa ni: ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ká jọ máa ra omi táǹkà, ká sì gbé táǹkì ńlá kan kalẹ̀, ká gbẹ́ kànga dẹ̀rọ. Ìlà méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tó ń náni, ohun tó ń yanjú. Ẹ má fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sọ èyí tẹ́ ò fẹ́ di ẹlẹ́yà. Alhájì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí ìwé náà ṣe rí

Ẹ̀dà tiwa rèé, mo ti gé e kúrú:

Orúkọ iṣẹ́: Omi fún òpópónà wa, ìpele kìíní (àyẹ̀wò).
Ìṣòro: Àwọn ayálégbé ẹ̀yìnkùlé ń tò fún omi ní gbogbo àárọ̀, àwọn ọmọ ń pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́, kànga àwọn onílé ń gbẹ láti oṣù kejì.
Ohun tí a fẹ́ rí: Kí ilé kọ̀ọ̀kan lè rí kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá pọn lójúmọ́, yípo ọdún, láì rìn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.
Nínú ìpele yìí: àyẹ̀wò ibi mẹ́ta, lẹ́tà nípa ilẹ̀, ìdíyelé tuntun.
Kò sí nínú rẹ̀: gbígbẹ́, ríra ohunkóhun, gbígba owó ìdáwó.
A gbà pé: ilẹ̀ tí Alhájì yọ̀ǹda nínú ọgbà rẹ̀ ní ìwé tó péye, a ó yẹ̀ ẹ́ wò.
Ewu: kò sí omi ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ parí síbẹ̀, a ó sì ṣírò ti táǹkà.
Onígbọ̀wọ́: Alága.
Alábòójútó: Ìyá Ìbejì. Ó lè ná ₦150,000 láti àpò ẹgbẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kó padà wá.
Ìfọwọ́sí àti ọjọ́: alága, akọ̀wé, akápò.

Ẹ wo ìlà alábòójútó dáadáa. Bí wọ́n bá yàn yín tí wọn kò kọ ibi tí agbára yín dé, ọjọ́ tí nǹkan bá yẹ̀ ni wọn yóò sọ pé ẹ kọjá àyè yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ iye náà, kódà bó kéré.

Ẹ lọ gba ìfọwọ́sí náà

Ìpàdé kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń gba ìfọwọ́sí. Ilé la ti ń gbà á, ìpàdé kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Ẹ gbé ìwé náà fún onígbọ̀wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ jẹ́ kó fi bírò rẹ̀ kọ nǹkan sí i lára. Ìwé tí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe yóò gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn yòókù. Ẹ wá gbé e lọ bá àwọn méjì tó lágbára jù lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ìpàdé, kí ọ̀rọ̀ náà má gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kí akọ̀wé sì kọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí gan-an, pẹ̀lú iye, orúkọ àti ọjọ́. "A fẹnu kò lórí borehole" kò tó.

Ní iléeṣẹ́ ìjọba, mẹ́mò ni. Ó ń gòkè láti tábìlì sí tábìlì, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan á sì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́ láti ka àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. "KIV" (keep in view) túmọ̀ sí pé wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. "BU" (bring up) pẹ̀lú ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ gbé e padà wá lọ́jọ́ náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé e wá, torí ẹnikẹ́ni kò ní rán yín létí. "Please discuss" sábà máa ń sọ pé ìbéèrè kan wà tí ọ̀gá kò fẹ́ kọ sílẹ̀. Ẹ lọ bá a lójúkojú. "Kindly treat" kì í ṣe ìfọwọ́sí rárá, ẹrù ni wọ́n gbé fún ẹni tó kàn. Àfi ìgbà tẹ́ ẹ bá rí "Approved", ìfọwọ́sí àti ọjọ́. Mo ti rí ẹni tó fi "Seen" ná owó. Ojú rẹ̀ rí nǹkan.

Ohun méjì kan wà nínú òfin ọdún 2007 yẹn tó yẹ kó wà nínú mẹ́mò yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Abala 18 ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ohun tí ẹ nílò gan-an àti iye tí yóò náni, kẹ́ ẹ sì mú un wọ inú ètò ìṣúná ọdún. Abala 16 ní ẹ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò gbígbé iṣẹ́ síta bí owó rẹ̀ kò bá sí nínú ètò ìṣúná tó ti wọlé. Nítorí náà, ẹ wo kàlẹ́ńdà: àbá tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kó àbá ìṣúná jọ yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀, bó ti wù kó dára tó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gé iṣẹ́ ńlá kan sí kéékèèké kó má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ga, ẹ má gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ abala 58. Gígé tí mo sọ lókè, ti àyẹ̀wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò jọ èyí; ẹ kọ iye gbogbo iṣẹ́ náà sínú ìwé kìíní kó hàn kedere pé ẹ kò fi ohunkóhun pamọ́.

Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ béèrè ìdí, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, ẹ fi pamọ́. Bí wọ́n bá ní "bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n", ẹ kọ ṣùgbọ́n náà sínú ìwé kí wọ́n tún un fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹnu sọ máa ń sọnù.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí tiwa, Alhájì pè mí. Ó ní òun ti ń rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò wá, ṣé a ò lè ní kí wọ́n fi interlock sí iwájú géètì kó lè dùn ún wò. Mo gbé ìwé náà lọ sílé rẹ̀. Mo fi ìka sí ìlà "kò sí nínú rẹ̀".

Ó wọ dígí rẹ̀, ó kà á. "Ìyá Ìbejì, ìwé yìí mà le o. Èmi ni mo fọwọ́ sí i?"

"Ẹ̀yin ni, Alhájì. Ọjọ́ rẹ̀ nìyí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ká ìwé náà sí méjì, ó sì bi mí pé ọjọ́ wo ni àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀.